Mọ́tò Tó Ń Fà sí Òsì

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Reino Kangas, bàbá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí àgbò ṣe ń mọ̀ pé ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó jókòó sídìí tábìlì ní ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. Ife kọfí wà níwájú rẹ̀. Kò fẹnu kàn án. Ní ìlú àwọn awakùsà tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá Adágún Superior yìí, bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé Kangas bá kọ kọfí, ẹ tètè lọ pe dókítà.

Marlys, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń gé búrẹ́dì aládùn sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàbá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Láti ìgbà tí Aili ìyá rẹ̀ ti kú, ìgbà yìnyín méjì sẹ́yìn, ló ti padà wá bá bàbá rẹ̀ gbé. Ilé ìkàwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìwà kan tí wọ́n fi máa ń bú u láti kékeré: bó bá ti rí ohun kan, á dúró tì í, á máa wò ó títí ọkàn rẹ̀ á fi lọ jìnnà. Aili a máa sọ pé ọmọ yìí lè jókòó ti ìkòkò omi, kó sì gbàgbé pé òun ló gbé e kaná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Láti bí oṣù méjì, mọ́tò Reino ń kọjá ìlà yẹ́lò tó wà láàárín títì. Bó bá ń lọ jẹ́jẹ́, á ṣáà rọra yà sí òsì, síhà ibi tí àwọn mọ́tò mìíràn ti ń bọ̀. Ìyá Trevarrow, aládùúgbò wọn, rí i lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó gẹdú fọn fèrè gbọọrọ kó tó yà fún un. Ìyá Trevarrow wọlé, ó gbé fóònù, ó pe Roddy, àbúrò Marlys, tó ń gbé ní ìlú Marquette. Roddy náà pe bàbá rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

"Dádì, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Màá jókòó tì yín nínú mọ́tò. Bó bá kọjá ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú," ni Reino dá a lóhùn. "Ohun tó bá tọ́ ni ká ṣe."

Ká ní ó bínú ni, ká ní ó jágbe, ọkàn Marlys ì bá balẹ̀ díẹ̀. Bàbá tí kò jà yìí gan-an ló dẹ́rù bà á.

"Dádì, kọfí yín ń tutù."

"Jẹ́ kó tutù." Reino la ọwọ́ òsì rẹ̀, ó tún pa á dé. "Ṣó o rántí Waino, àbúrò mi? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ní ọwọ́ òsì òun wúwo díẹ̀. Gbogbo wa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí yìnyín ọdún yẹn tó yọ́ tán, kò lè so okùn bàtà ara rẹ̀ mọ́."

"Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá ń fa mọ́tò lọ sí òsì? Àǹjọ̀nnú?"

Láti ilé wọn sí ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ wọn jù, máìlì mẹ́sàn-án ni. Sí ibojì Aili, máìlì méjìlá. Ẹni tí kò bá lè wa mọ́tò ládùúgbò yẹn, ó ti di ẹrù inú ilé nìyẹn, wọ́n á máa gbé e káàkiri bí àpótí. Ó gbé ife kọfí bàbá rẹ̀ tó ti tutù, ó ní òun fẹ́ lọ dà á nù, ó bá jáde.

Kò dà á nù. Ó gbé e lé orí pèpéle, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti lọ sára mọ́tò.

Mọ́tò náà dúró lórí kọnkéré níwájú gáréèjì, gígùn gbọọrọ, aláwọ̀ ewé, imú rẹ̀ kọjú sí títì. Ọdún 1976 ni Reino rà á ní tuntun. Láti ọjọ́ náà, mẹkáníìkì kankan kò fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn kò sì jókòó sídìí sitiárìn rẹ̀, àfi Marlys lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ náà ló wó àpótí lẹ́tà Ìyá Trevarrow lulẹ̀, tí Reino sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Aili pàápàá kò wà á rí. Aili ní òun kò lè fẹ́ ọkọ tó lóbìnrin méjì kí òun tún máa gbé ìyàwó kékeré pọ̀n.

Marlys lóṣòó síwájú táyà ọwọ́ ọ̀tún, ó ń wò ó bí ìṣe rẹ̀. Ó wo ìta rẹ̀: eyín táyà ṣì hù dáadáa. Ó tẹ orí sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀ níhà abẹ́ mọ́tò. Ibẹ̀ ti pá. Ó dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.

"Dádì! Ẹ wá wò ó!"

Reino jáde pẹ̀lú sálúbàtà ilé. Ó kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, eékún rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ táyà. Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀.

"Inú nìkan ló jẹ," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Kí nìyẹn ń sọ fún wa?"

"Táyà tó bá dúró ṣánṣán, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ bá tẹ̀ sínú, etí kan ló fi ń rìn, bí ẹni tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ lápá kan. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ sínú tí èkejì kò tẹ̀, ọ̀dọ̀ èyí tó dúró ṣánṣán ni mọ́tò á máa yà sí."

Marlys ronú. "Ọ̀tún nìyí. Bó bá jẹ́ pé òun ló tẹ̀, òsì ni mọ́tò á máa yà sí nìyẹn."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí Marlys ti rí ojú bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé rẹ̀.

"Kòtò yẹn," ni Reino sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kòtò tí mo kó sí lóṣù kẹta, níwájú géètì ibi ìwakùsà àtijọ́. Eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́jọ́ yẹn." Ó dìde, ó gbọn eékún. "Má tíì yọ̀ o. Ká wọ̀n ọ́n ná."

Ó wọ gáréèjì, ó gbé léfẹ̀lì jáde, ọ̀pá ìwọ̀n tó fi kọ́ ilé yìí fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì lágbára. Ó gé igi kan, ó kan èèkàn kékeré méjì mọ́ ọn, kó lè fara kan irin táyà lókè àti nísàlẹ̀ láìkan ikùn rọ́bà tó yọ síta. Ó so léfẹ̀lì mọ́ igi náà. Ó fi ọ̀wọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, kò kánjú. Marlys ló mú un dání, Reino fi ojú sún mọ́ dígí kékeré tí omi àti hóró afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ní táyà ọ̀tún, hóró afẹ́fẹ́ náà dúró láàárín gbungbun.

"Ó dúró ṣánṣán," ni Reino wí.

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ojú mi ṣì ń ríran, àbí òun náà lẹ fẹ́ gbà?"

Wọ́n yí lọ sí òsì. Níbẹ̀, hóró afẹ́fẹ́ sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pátápátá. Orí táyà òsì ló tẹ̀ sínú.

Reino fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Òsì ló ní àrùn. Ọ̀tún kò ṣe nǹkan kan."

"Ṣùgbọ́n ọ̀tún ló jẹ, Dádì!"

"Ó lè jẹ́ pé mo ti pààrọ̀ wọn nígbà ìkórè, mo gbé ti òsì sí ọ̀tún." Ó họ orí. "Ó dà bíi pé mo pààrọ̀ wọn. Tàbí èṣí ni?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ níbi tó ti sọ ìyẹn. Marlys rí i pé ẹ̀rù mìíràn tún ti gun orí ti tẹ́lẹ̀. "Ṣá, èèyàn lè purọ́, èèyàn lè gbàgbé. Léfẹ̀lì kì í purọ́. Gbé jáàkì wá."

Ohun tí wọ́n ṣe kò le púpọ̀. Bóòtù ńlá méjì ló so apá òkè táyà mọ́ egungun mọ́tò. Láàárín wọn ni wọ́n ki àwọn pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín bọ̀, bíi wáṣà. Bí èèyàn bá yọ díẹ̀ nínú wọn, orí táyà á jáde síta. Bó bá fi kún un, á padà sínú. Marlys ń fa jáàkì, Reino ń tú bóòtù, ó ń ka pẹlẹbẹ tó ń yọ sókè ketekete kó má bàa gbàgbé.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Ìyá Trevarrow dé, pẹ̀lú àwo tó fi aṣọ bò. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, gbogbo ara rẹ̀ kò sì wúwo ju àwo náà lọ.

"Ẹ̀ ń tú mọ́tò," ló wí. "Èmi rò pé ẹ ó ti máa múra àtifún Roddy ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Ohùn Reino jáde lábẹ́ mọ́tò. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín, Ìyá."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí. Páì ẹran. Mi ò fi kárọ́ọ̀tì sí i o. Ẹ̀yin ará Finland lẹ fi kárọ́ọ̀tì ba páì jẹ́ ládùúgbò yìí."

"Ẹ̀yin ará Cornwall lẹ̀ ń jẹ páì tó gbẹ bí ìwé ìròyìn."

"Ìwé ìròyìn kì í sá lọ pàdé ọkọ̀ gẹdú." Ó gbé àwo lé pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí tó tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó lè rí ojú Reino. "Reino, èmi ni mo pe ọmọ rẹ. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì. Mo ti sin ọkọ mi, mo ti sin Aili ọ̀rẹ́ mi. Aṣọ dúdú mi ti gbó, mi ò sì fẹ́ ra òmíràn."

Reino gbé sípánà sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. "Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí wọ́n mú bóòtù le tán, tí wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀, Reino kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ní mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí jáàkì dà bí ẹni tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kò tíì balẹ̀. Wọ́n tì í síwájú, wọ́n tì í sẹ́yìn, Reino fi ìdí jókòó lé imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè jókòó dáadáa. Ìgbà náà ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Hóró afẹ́fẹ́ wà láàárín ní òsì, ó wà láàárín ní ọ̀tún. Ìyá Trevarrow pàtẹ́wọ́. Reino wọlé lọ wọ bàtà gidi.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé yín," ni Marlys wí, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọn kò tíì rìn ju máìlì kan lọ tí gbogbo ayọ̀ fi tán. Mọ́tò náà kò yà sí òsì díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ó ń sáré lọ síbẹ̀, bí ẹṣin tó rí ilé. Ìlà yẹ́lò wọ abẹ́ wọn, Reino fà á padà; ó tún wọ abẹ́ wọn, ó tún fà á padà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa iná mọ́tò. Adágún ń tàn lápá ọ̀hún, yìnyín díẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀, funfun, bí oúnjẹ tó kù lẹ́nu ọmọdé.

"Táyà ti tọ́," ni Reino wí. "Ìwọ náà rí i. Méjèèjì ló dúró ṣánṣán."

"Mo rí i."

"Á jẹ́ pé èmi ni nìyẹn." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó wò ó, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Marlys, ó sì ká ìka rẹ̀ lé e lórí. "Ìwọ wà á délé. Mi ò lè fi ẹ̀mí ẹ ṣeré."

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Marlys ti ń lálàá kọ́kọ́rọ́ yẹn. Nínú gbogbo àlá náà, kò sí èyí tó rí báyìí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ síhà kejì, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ṣáná sí mọ́tò, ó wo ẹ̀yìn, ó yí orí mọ́tò padà sọ́nà ilé, ó sì mú sitiárìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ọwọ́ kan tí kò rí mú sitiárìn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra ń fà á lọ sí òsì.

Ó rò pé àṣìṣe òun ni. Ó tọ́ ọ. Ó dẹ ọwọ́ díẹ̀. Ó tún fà á. Ó tọ́ ọ, ó dẹ ọwọ́, ó tún fà á.

"Dádì," ló wí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹkún kò sì tíì gbẹ. "Dádì, ó ń fà mí!"

"Kí ló ń fà ẹ́?"

"Mọ́tò! Ó ń fa èmi náà sí òsì! Ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ wò ó, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan, ó sì ń fà mí!"

Reino wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wo ìlà yẹ́lò tó ń súnmọ́ wọn. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ọwọ́ tó ti ń fura sí láti ọjọ́ mẹ́ta, ó fi ìka kan gbá sitiárìn náà padà sọ́nà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ tó yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé iwájú ilé, Marlys sì gbé e sórí kọnkéré, imú rẹ̀ kọjú sí títì bíi ti àárọ̀, láìkan àpótí lẹ́tà ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán, ìbéèrè kù. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, á kọjá ìlà, Roddy á sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Reino ń yí mọ́tò ká, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹnì kan ń purọ́ níbí. Táyà, àbí léfẹ̀lì, àbí èmi."

"Ẹ jẹ páì," ni Ìyá Trevarrow wí, tí kò tíì lọ ilé. "Ebi kì í jẹ́ kí orí ṣiṣẹ́."

Marlys lọ gbé àwo. Ó rí ife kọfí àárọ̀ níbẹ̀, ó rántí pé òun ní kí òun dà á nù. Ó yí i dà sórí kọnkéré níwájú mọ́tò, láìwo ibi tó ń dà á sí. Lẹ́yìn náà ló wò ó. Ó dúró tì í, àwo páì lọ́wọ́, ó ń wo kọfí náà, bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn láyé.

"Marlys," ni Reino wí, "ọkàn ẹ ti tún lọ."

"Ẹ wo kọfí."

"Kí ló ṣe kọfí?"

"Ẹ ṣáà wò ó, Dádì. Ibi táyà òsì ni mo dà á sí. Ibo ló ń lọ?"

Kọfí náà ya okùn dúdú kan. Kò dúró síbi tó wà. Ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ níwájú imú mọ́tò, ó kọjá àárín, ó kọjá táyà ọ̀tún, ó wọ inú koríko.

Reino gbá iwájú orí ara rẹ̀ pá.

"Èmi ni," ló wí. "Olúwa ò! Èmi ni mo dà á!"

"Ẹ da kí ni?"

"Kọnkéré! Ọdún tí wọ́n bí Roddy. Aili mú okùn lápá ibí, èmi mú un lápá ọ̀hún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kí omi yìnyín má bàa wọ abẹ́ ilé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi í yangàn fún gbogbo ayé pé omi kan kò kán sábẹ́ ilé mi rí!"

"Ó máa ń yangàn gan-an," ni Ìyá Trevarrow wí.

Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò náà ni ilẹ̀ iwájú rẹ̀ fì, nítorí ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá fì, omi ló ni ín nígbà tí yìnyín bá yọ́. Wọ́n ti ń rìn lórí gẹ̀rẹ́ náà pẹ́ débi pé ojú wọn kò rí i mọ́. Ilẹ̀ ti gbé gbogbo mọ́tò náà fì sí ọ̀tún. Táyà ọ̀tún tó tẹ̀ sínú wá dà bí ẹni tó dúró ṣánṣán, táyà òsì tó dúró ṣánṣán sì dà bí ẹni tó tẹ̀. Léfẹ̀lì kò purọ́ lóòótọ́. Àwọn ni wọn kò bi í léèrè bó ṣe yẹ. Wọ́n ti tọ́jú ẹsẹ̀ tó dá, wọ́n fi èyí tó rọ sílẹ̀.

"Á jẹ́ pé mi ò pààrọ̀ táyà kankan," ni Reino wí.

"Ẹ ò pààrọ̀ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé mi ò pààrọ̀ wọn!" Ó fa páì kan nínú àwo, ó gé e jẹ lójú kan náà. "A gbọ́dọ̀ gbé apá ọ̀tún sókè kí ilẹ̀ tó dọ́gba. Ohun pẹlẹbẹ la nílò, tó pọ̀, tó dọ́gba."

Marlys ti mọ ibi tó wà. Lábẹ́ ilé, lẹ́yìn àwọn ìgò jáàmù, ni páálí táìsì rọ́bà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná wà. Reino ti fẹ́ dà á nù lẹ́ẹ̀mẹwàá, Aili kò gbà. Aili ní èèyàn kì í mọ ọjọ́ tí nǹkan á wúlò. Marlys gbé páálí náà gòkè wá, eruku bò ó. Reino rí i. Ó fi apá aṣọ nu táìsì àkọ́kọ́ títí àwọ̀ ewé náà fi jáde, ó tún nu ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ kan náà.

Wọ́n tẹ́ pákó gígùn méjì sọ́nà táyà ọ̀tún, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Wọ́n gbé pákó kan gba àárín láti òsì dé ọ̀tún, wọ́n gbé léfẹ̀lì lé e. Marlys ń ki táìsì sábẹ́ pákó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Reino ń wo hóró afẹ́fẹ́.

"Òmíràn. Òmíràn. Tún fi ọ̀kan sí i. Dúró! Ó dé àárín."

Mẹ́sàn-án níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Wọ́n rọra ti mọ́tò gorí rẹ̀, Ìyá Trevarrow náà fọwọ́ kan bọ́ǹbà ẹ̀yìn, ó ń pariwo ju ẹni tó ń ti ọkọ̀ ojú omi lọ. Wọ́n wá tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òtítọ́ jáde: orí táyà ọ̀tún tẹ̀ wọlé, ti òsì yọ síta nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i láàárọ̀. Reino dá gbogbo pẹlẹbẹ irin tó yọ ní òsì padà, iye tó kà gẹ́lẹ́. Ó yọ ti ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mú bóòtù le, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Òsì wà láàárín. Ọ̀tún wà láàárín.

Oòrùn kò tíì lọ sílẹ̀ nígbà tí Reino wà á lọ títí dé géètì ibi ìwakùsà tó sì wà á padà, Marlys sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹ́lò dúró sí àyè rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Reino gbé mọ́tò sí àyè rẹ̀ níwájú gáréèjì. Ó ní kí Marlys lọ dáná sínú ilé ìwẹ̀ olóoru, torí pé Sátidé ni ọjọ́ ìwẹ̀ wọn, òun kò sì wẹ ìwẹ̀ gidi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Roddy dé ní agogo kan ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ojú rẹ̀ wú. Ó gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí fún Marlys kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbi ìlẹ̀kùn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé ó wù mí?"

"Wọ mọ́tò ná," ni Marlys wí. "Wàá sọ̀rọ̀ tó bá yá."

Roddy jókòó níwájú, Marlys sẹ́yìn. Reino wà á lọ sọ́nà adágún, ibi tí títì ti gùn tó sì tọ́ fún máìlì mẹ́fà. Ojú Roddy kò kúrò lára ìlà yẹ́lò. Máìlì kan. Máìlì méjì. Ní máìlì kẹta, Reino gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sitiárìn, ó gbé wọn lé itan.

"Dádì!" Roddy na ọwọ́ sí sitiárìn.

"Fi í sílẹ̀," ni Reino wí. "Wò ó."

Mọ́tò náà ń lọ tààrà, bí ìgbà tí wọ́n bá fa òwú. Igi páìnì ń kọjá lọ́tùn-ún, ìlà ń kọjá lósì, ọ̀kan kò súnmọ́ èkejì. Roddy wò ó títí, ó sì mí kanlẹ̀, irú èémí tí èèyàn ń mí nígbà tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ń dùn ún. Reino gbé ọwọ́ padà sórí sitiárìn.

"Mi ò sùn láti Ọjọ́bọ̀," ni Roddy wí. "Mo ń rò ó pé báwo ni màá ṣe na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Mo ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ olè."

"Èmi náà ń wo tèmi," ni Reino wí.

"Kí ló wá ṣe é?"

"Bi kọfí léèrè," ni Marlys dá a lóhùn látẹ̀yìn, ẹ̀rín sì tún gbé òun àti bàbá rẹ̀ lọ, tí Roddy ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wọ ilé onílé.

Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún un tán kí wọ́n tó padà délé. Níwájú gáréèjì, Reino pa iná mọ́tò, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Roddy.

"Gbà."

"Dádì, kò kọjá ìlà. Tiyín ni."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni. Gbà, kí ìwọ náà lọ wà á wò. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti wà á. Ó yẹ kí ẹlòmíràn máa mọ̀ bó ṣe ń ṣe, kí n má bàa tún dá jókòó máa fura sí ọwọ́ mi. Ṣọ́ àpótí lẹ́tà Ìyá Trevarrow ṣá o."

Nígbà tí Roddy lọ tó sì bọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí ìṣó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn lè tó o. Reino ti wà nídìí tábìlì ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí táìsì aláwọ̀ ewé tí Aili yàn. Ó ti mu ife kọfí kan tán. Ó ti ife náà sọ́dọ̀ Marlys pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ní kó bu òmíràn sí i, kó kún dáadáa.